Màríà Olóyún ti Òkèlúsè

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé iṣẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù rọrùn. Ogójì ọdún ó lé ni mo fi ṣe é ní Ọ̀wọ̀ kí àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńláńlá tó dé, tí wọ́n sì gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Èmi Ignatius yìí, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó lórúkọ láàárín ìlú tí mi ò gun àkàbà níwájú rẹ̀ rí. Mo máa ń bínú, mi ò sì fi ṣe àṣírí. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ tó ń sọ fún mi pé lẹ́tà kan wọ́, mo lè sọ̀ kalẹ̀ kí n kó búrọ́ọ̀ṣì mi kí n máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi ni mo jẹ̀bi nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Tiwalọlá. Ìyá rẹ̀ kú ní ọjọ́ kejì tó bí i. Lọ́dún yìí ni Tiwa náà bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Adéfúnkẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí kì í ṣe ènìyàn burúkú, wo ojú ọmọ náà títí, ó ní kò jọ ẹnì kankan nínú ilé àwọn, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀ ló ti gbé ojú wá. Tiwa rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi ní Ọ̀wọ̀, ó gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, ó jókòó, ó bú sẹ́kún. Ó ní òun ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, òun ò sì lè sọ bóyá imú ọmọ òun ni ti ìyá òun tàbí etí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí ìyá òun kí oṣù yìí tó parí, kí n má tún sọ ìtàn kankan fún òun.

Kò sí fọ́tò. Toyyibah ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, ọmọ Alhaji Abdulmumin tó ń ta aṣọ láàárín ìlú. Mùsùlùmí ni wọ́n, Kátólíìkì ni èmi, wọ́n kùn díẹ̀ kí wọ́n tó fi í fún mi. Fọ́tò mẹ́ta péré la ní. Nígbà tí Toyyibah kú, ìyá tirẹ̀ wá sílé mi, ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dáná sun wọ́n lẹ́yìnkùlé. Ó ní òun ò lè máa wo ojú ọmọ tó yẹ kó sin òun. Mo dúró, mo ń wò ó, mi ò sì lè bá a jà.

Ṣùgbọ́n àwòrán kan wà. Láti kékeré Tiwa ni mo ti ń sọ fún un pé ojú ìyá rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Òkèlúsè, èmi ni mo yà á. Bó bá ní ká lọ, màá ní ọ̀nà ò dára. Bí wọ́n bá tún ọ̀nà ṣe, màá ní òjò ń rọ̀. Bí òjò bá dá, ẹ̀yìn á máa dùn mí. Báyìí ni mo ṣe fi ọgbọ̀n ọdún tan ọmọ mi.

Fàdá Mátíásì ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Ará Bẹ́ljíọ̀mù ni, òun ló ń bójú tó Òkèlúsè nígbà yẹn. Ó fún mi ní ewé kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n ya bí wọ́n ṣe ń sọ òkú Jésù kalẹ̀ látorí àgbélébùú sí. Ó ní ọmọ ilẹ̀ Fílándà, níhà ọ̀dọ̀ àwọn, ló yà á, ó kù díẹ̀ kó pé ẹgbẹ̀ta ọdún, Rójà lorúkọ rẹ̀. Ó ní láti ìgbà náà ni àwọn ayàwòrán ti ń wò ó yà, ẹni yìí á dà á kọ, ẹlòmíràn á da ti ẹni yẹn kọ, títí kò fi sẹ́ni tó mọ iye ẹ̀dà tó wà láyé mọ́. Ó ní kí n ya tèmi náà sí Òkèlúsè.

Ọ̀gá ni Rójà. Mi ò rí i rí, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ni. Bí òkú Jésù ṣe tẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó gbé e, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń ṣubú nísàlẹ̀, tí apá rẹ̀ rọ bíi ti ọmọ rẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá ló wà nínú àwòrán náà. Ìbànújẹ́ wà lójú gbogbo wọn, kò sì sí ẹnì kan tó la ẹnu pariwo. Mo wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó fọwọ́ kan ọ̀dà.

Mo fi rúlà fa ìlà onígun mẹ́rin kéékèèké sórí kàlẹ́ńdà, mo fa ńláńlá sórí pákó, mo wá ń kó ohun tó wà nínú kékeré lọ sínú ńlá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe ń sọ àwòrán di ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú Màríà tó wà lórí kàlẹ́ńdà kò ju èékánná lọ, ìtẹ̀wé sì ti bà á jẹ́. Toyyibah wà pẹ̀lú mi ní Òkèlúsè nígbà náà, oyún Tiwa ti wọ oṣù kẹjọ. Lọ́sàn-án, ó máa ń fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí lórí ẹní, oorun á gbé e lọ, apá rẹ̀ kan á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kan mo wò ó, mo ní, Rójà, mo ti rí Màríà rẹ. Mo yà á bó ṣe sùn.

Fàdá wá wo iṣẹ́. Ó wá bi mí pé kí ló dé tí Màríà fi lóyún lábẹ́ àgbélébùú. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò tíì rí i títí ó fi sọ ọ́. Bí mo ṣe ń rí aya mi lójoojúmọ́ ni mo ṣe yà á, ikùn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Ojú tì mí. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì pé kí n pa á rẹ́, Fàdá sì di ọwọ́ mi mú. Ó ní ìyá tó ń wo òkú ọmọ rẹ̀, bóyá bó ṣe ń rí lára rẹ̀ nìyẹn, kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Toyyibah bímọ. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò sì dá. Òkèlúsè la sin ín sí. Mo gbé ọmọ wá sí Ọ̀wọ̀, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ará Ìmọ̀rù ní kí n ya irú rẹ̀ fún àwọn. Mo yà á. Nígbà tí mo dé ojú Màríà, ọwọ́ mi kọ̀, mo bá fi aṣọ bò ó lójú, mo sì ya ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Ẹ̀mùrẹ̀-Ilé náà béèrè. Ti Ìmọ̀rù ni mo wò ya tiwọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ojú Màríà, mo bá wo ọmọge orí agolo páúdà, mo gbé ojú rẹ̀ síbẹ̀. Tiwa jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tó tọ́ka sí èyí tó wà ní Ẹ̀mùrẹ̀-Ilé, tó bi mí pé ṣé ìyá òun nìyẹn. Mo ní rárá, ti Òkèlúsè ni. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó ní obìnrin yẹn lẹ́wà.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nìyí: mo ti gbàgbé ojú Toyyibah. Kò lọ lọ́jọ́ kan. Bí ọ̀dà ṣe ń ṣí lára sáìnbọ́ọ̀dù tí oòrùn ń pa ló ṣe lọ, ìpéǹpéjú lónìí, ètè lọ́dún tó ń bọ̀. Mo rántí ohùn rẹ̀. Mo rántí bó ṣe ń pe orúkọ mi bí ẹni pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú mi, ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ lọ sí Òkèlúsè nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá dúró níwájú aya mi, màá sì máa bi ara mi pé ta nìyí.

Ọjọ́ Ẹtì la lọ. Tiwa ló wa ọkọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn lórí àga rẹ̀. Mo gbé àpótí ọ̀dà mi sínú bùùtù, mo ní bóyá eruku ti bo àwòrán náà, kí n lè bá wọn nù ún. A gba Ìfọ́n kọjá. Kòkó wà lórí ẹní lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn tó ń yí i sì ń juwọ́ sí wa. Tiwa ń kọrin fún ọmọ. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti lọ́kọ, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dá lórí ohun tó máa kọ́kọ́ wò: ó ní etí ni, nítorí etí Adéfúnkẹ́ kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Mò ń dáhùn ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí a wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin márùn-ún kan ń gbálẹ̀. Àwòrán náà wà ní ibi tí mo kàn án mọ́. Jésù wà níbẹ̀. Àwọn tó gbé e wà níbẹ̀, aṣọ wọn ṣì pupa, kò tíì ṣá. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ní ibi tí ọwọ́ ènìyàn lè dé, ojú Màríà ti parẹ́. Pákó lásán ló kù, ó ń dán bí apá àga tí a ti jókòó sí pẹ́. Ikùn rẹ̀ náà ti ṣí. Tiwa dúró, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú bí mi fùfù. Mo bi àwọn obìnrin náà pé ta ló fi kànrìnkàn fọ iṣẹ́ mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí a sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń wò mí. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ló rọra bọ́ síwájú, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá Zipporah ni, òun ló wẹ Tiwa ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, òun ló sì wẹ òkú ìyá rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ mí láti ẹnu ọ̀nà, nítorí pé ariwo mi kò yí padà.

Ó ní kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́. Ó ní Màríà Olóyún ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà tí Toyyibah ti kú ni gbogbo obìnrin ìjọ náà tí oyún rẹ̀ bá ti pé oṣù máa ń wá síbẹ̀, á fọwọ́ kan ojú rẹ̀, á fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, á ní òun ń lọ bímọ o. Bó bá bí tán, á tún gbé ọmọ wá fi hàn án.

Mo bi í pé obìnrin tí ìbímọ pa, kí ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀.

"A ò wá nǹkan kan," ni Màmá Zipporah wí. "Àlejò ni, ọ̀dọ̀ wa ló kú sí, ìwọ náà ò sì padà wá wò ó. A ò fẹ́ kó dá wà."

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Tiwa ló wá bá mi, ó fọwọ́ lé mi léjìká. Ọmọ gidi ni. Ó ní kí n má bínú, ṣebí mo gbé ọ̀dà wá, ṣebí èmi ni mo yà á, kí n sáà tún ojú náà yà, òun á dúró títí màá fi parí. Ó ní bó gba ọjọ́ méjì, òun ti kó nǹkan ọmọ dání. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Mo lè parọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo lè ya obìnrin arẹwà kan síbẹ̀, kí n ní òun nìyẹn, ọmọ mi ò ní mọ̀ láéláé. Mo ti ya irú rẹ̀ sí Ẹ̀mùrẹ̀-Ilé.

"Tiwa," ni mo wí, "mi ò rántí ojú rẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti rántí."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò léjìká mi. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ ń ní ká má tíì lọ, àwòrán yìí wà níbí, ojú ìyá mi sì wà lára rẹ̀."

Ó gbé ọmọ, ó bọ́ síta. Mo gbọ́ tó ń sunkún lábẹ́ igi, mi ò sì lẹ́nu tí mo lè fi pè é padà. Bí a bá bú mi, mo mọ bí mo ṣe ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò bú mi.

Màmá Zipporah ló jáde lọ bá a. Wọ́n pẹ́ níta. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, ó ti gba Adéfúnkẹ́ mọ́ra, ó sì ń fún mi láṣẹ bí ẹni tó gbà mí síṣẹ́. Ó ní kí n wá sùn sílé òun, kí n jẹun, kí n sì dé ṣọ́ọ̀ṣì ní kùtùkùtù. Ó ní èmi lè gbàgbé, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Òkèlúsè ti ń fọwọ́ kan ojú yẹn láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n.

Lóòótọ́, nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti pé mọ́kànlá. Mo fa ìlà sórí pákó, mo po ọ̀dà, mo jókòó. Iṣẹ́ tí mi ò ṣe irú rẹ̀ rí ni. Ọ̀kan nínú wọn, Lábísí tó ti bímọ mẹ́fà, di ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún níbí, kò kún níbẹ̀. Òmíràn ní àgbọ̀n rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, nítorí pé ibẹ̀ ni àtàǹpàkò òun máa ń dúró sí. Wọ́n jiyàn lórí imú. Mo yà á, wọ́n ní ó gùn jù. Mo nù ún, mo tún un yà. Láyé mi, bí ènìyàn mọ́kànlá bá dúró sẹ́yìn mi tí wọ́n ń sọ ibi tó wọ́, màá ti kó ẹrù mi. Lọ́jọ́ yẹn, mò ń sọ pé ẹ ṣeun, níbo ló kù.

Tiwa jókòó sórí bẹ́ńṣì àkọ́kọ́, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná.

Ojú náà ń jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni náà. Àárẹ̀ mú mi. Mo ti fẹ́ sọ fún wọn pé ó tó, nígbà tí Màmá Zipporah fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka, ó ní mi ò tíì fi àpá sí i. Mo ní àpá wo. Ó ní àpá kékeré kan wà lókè ojú òsì rẹ̀, ó wọ inú irun ibẹ̀, òun rí i nígbà tí òun ń wẹ̀ ẹ́.

Èmi ni mo fi àpá yẹn sí i. Orí àkàbà ni mo wà, mò ń kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ìdérí agolo ọ̀dà jábọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gé Toyyibah tó dúró nísàlẹ̀ lókè ojú. Àwọn ènìyàn pariwo. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fi ìdí jókòó sílẹ̀. Toyyibah fi ọwọ́ di ojú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ kọjá, ó wò mí nílẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ṣé ẹ ò farapa?" Ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Mo wá rí i. Gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí bí igun ètè rẹ̀ kan ṣe máa ń gbéra ṣáájú èkejì, mo rí iwájú orí rẹ̀ tó fẹ̀, àti etí kékeré tó lẹ̀ mọ́ orí. Mo yípo wo ọmọ tó ń mu ọmú lórí bẹ́ńṣì, mo wo etí rẹ̀. Mi ò tún béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mi ń sáré, omi ń dà lójú mi, mò ń fi apá ẹ̀wù nù ún kó má baà kán sínú ọ̀dà. Mo ya ìpéǹpéjú rẹ̀ ní pípadé, bó ṣe sùn lórí ẹní lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà mo sọ̀ kalẹ̀ sórí ikùn, mo da gbogbo rẹ̀ padà, ó tóbi bó ṣe tóbi.

Mo sún sẹ́yìn. Mo ní, "Tiwa, òun nìyí."

Ó dìde. Ó gbé ọmọ fún Lábísí, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì rìn wá sí iwájú. Ó wò ó pẹ́. Mo sọ fún un pé inú ikùn yẹn, òun ló wà níbẹ̀. Ó mi orí pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ lórúnkún méjèèjì. Nítorí ibi tí a wà, mo rò pé àdúrà ló fẹ́ gbà, èmi àti àwọn obìnrin náà sì tẹrí ba.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ṣé dáadáa lẹ jí?"